Gírámà Àwọn Dókítà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Gbòǹgbò Gíríìkì àti Látìn Inú Ọ̀rọ̀ Ìṣègùn àti Sáyẹ́ǹsì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ìpoògùn tàbí ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, Iléṣà tí mo ti wá ni mo sì máa ń padà sí lópin ọ̀sẹ̀. Láàárín ìlú méjèèjì ni mo ti kó àwọn ìbéèrè yìí jọ: akẹ́kọ̀ọ́ ló bi mí ní púpọ̀ nínú wọn, àwọn mọ̀lẹ́bí aláìsàn tó mú ìwé ilé ìwòsàn wá fún mi láti kà ló bi mí ní ìyókù. Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe dókítà, nítorí náà ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹ ó rí níbí, kì í ṣe ìtọ́jú àrùn.

Kí ló dé tí àwọn dókítà kì í fi Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wa gbọ́ pe àwọn ẹ̀yà ara?

Ẹ jẹ́ ká mú kíndìnrín. Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ ń pè é ní kidney, ṣùgbọ́n nephrologist ni dókítà tó ń mójú tó o ń jẹ́, nítorí pé nephros ni àwọn Gíríìkì ń pe kíndìnrín. Tí àrùn bá sì kọlù ú, wọ́n á ní renal disease ni, nítorí pé ren ni àwọn ará Róòmù ń pè é ní èdè Látìn. Orúkọ mẹ́ta fún ẹ̀yà ara kan ṣoṣo! Ohun tó fà á ni pé Gíríìkì ni Hippocrates, tí wọ́n bí ní erékùṣù Kos ní nǹkan bí ọdún 460 ṣáájú ìbí Jésù, àti àwọn tó tẹ̀lé e fi kọ ìwé ìṣègùn wọn. Galen, tí wọ́n bí ní Pergamon ní ọdún 129, ṣiṣẹ́ ní Róòmù gan-an láàárín àwọn tó ń sọ Látìn, síbẹ̀ Gíríìkì náà ló fi ń kọ̀wé. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, Hunayn ibn Ishaq àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baghdad túmọ̀ ìwé Galen sí èdè Síríákì àti Lárúbáwá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Yúróòpù tún tú irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Látìn. Nígbà tí Vesalius tẹ ìwé rẹ̀ lórí bí inú ara ènìyàn ṣe rí jáde ní 1543, àti nígbà tí William Harvey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní 1628 bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí inú ara ká, Látìn ni àwọn méjèèjì fi kọ ọ́, kí ọ̀mọ̀wé Ítálì àti ti Jámánì lè kà á láìwá ògbufọ̀. Nígbà tí àwọn oníṣègùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, àwọn orúkọ náà ti ta gbòǹgbò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwà àjèjì ni. Àlùbọ́sà tí à ń rà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa wọlé sí wa ni, kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè ìlú rẹ̀ kó tó gé e sí ọbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ kan tàbí Látìn?

Orúkọ àrùn, orúkọ iṣẹ́ abẹ àti orúkọ ẹ̀ka ìmọ̀ sábà máa ń jẹ́ Gíríìkì. Orúkọ egungun àti ti iṣan sábà máa ń jẹ́ Látìn. Ojú náà lè dá a mọ̀: níbi tí ẹ bá ti rí ph tó ń dún bí f, tàbí rh, tàbí ps àti pn níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tàbí ch tó ń dún bí k, Gíríìkì ni ẹ ń wò. Òfin yìí máa ń yẹ̀, torí pé èdè méjèèjì ti ń fẹ́ra wọn tipẹ́: hyper ti Gíríìkì ló dúró níwájú tension ti Látìn nínú hypertension tí àwa ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, appendix ti Látìn sì pọn -itis ti Gíríìkì sẹ́yìn nínú appendicitis. Àwọn onímọ̀ èdè kan ti bínú sí irú àmúlùmálà bẹ́ẹ̀. Èmi ò bínú; àwa náà ń sọ ìtọ̀ ṣúgà, a sì ń gbọ́ra wa yé.

Báwo ni mo ṣe lè tú ọ̀rọ̀ tó gùn bí ọ̀nà Oǹdó?

Ìrù rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, nítorí ìrù ló ń sọ irú nǹkan tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí orí. Ìrù gastroenteritis ni -itis, tó ń sọ pé ibì kan wú, ó sì gbóná. Gaster ni àpòlúkù, enteron ni ìfun. Celsus ará Róòmù ti kọ àmì mẹ́rin tí a fi ń mọ irú wíwú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀rúndún kìn-ín-ní: kó pọ́n, kó wú, kó gbóná, kó máa dun ni. Ìrù -algia ni ìrora, -aemia ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, -uria ni ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Tí ẹ bá wá rí haematuria lórí ìwé àyẹ̀wò, ẹ ó ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀. Ìrù -oma sábà máa ń jẹ́ kókó tó hù lára. Carcinoma ni èyí tí karkinos, ìyẹn akàn, wà lórí rẹ̀, cancer náà sì ni àwọn ará Róòmù ń pe akàn, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú yí kókó náà ká jọ ẹsẹ̀ akàn lójú àwọn oníṣègùn àtijọ́. Àwọn wo bó ṣe rí. Jẹjẹrẹ tí àwa ń pè é ń sọ ohun tó ń ṣe.

Otorhinolaryngology ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fi ṣeré jù. Etí ni oto, imú ni rhino, gògóńgò ni laryngo, ẹ̀kọ́ ni logy. Tí a bá ti kọ ọ́ sójú pátákó, tí a fi ẹfun ìkọ̀wé fa ìlà sáàárín rẹ̀ níbi mẹ́ta, ìpayà á tán. Hippopotamus ló máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín: hippos ni ẹṣin, potamos ni odò. Àwọn Gíríìkì wo ẹranko yẹn, wọ́n ní ẹṣin odò ni. Àwọn baba wa wò ó, wọ́n ní erin omi ni, wọ́n sì pè é ní erinmi. Tí ẹ bá bi mí, ojú àwọn baba wa ríran jù.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín -otomy, -ectomy àti -ostomy?

Tome ni gígé. -Otomy ni kí wọ́n la ibì kan. -Ectomy ni kí wọ́n gé e kúrò, nítorí ek túmọ̀ sí jáde. -Ostomy ni kí wọ́n la ojú ihò tuntun sí i, nítorí stoma ni ẹnu. Ẹ má fojú kéré lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Hystera ni ilé-ọmọ: hysterotomy ni kí dókítà la ilé-ọmọ, bí wọ́n ti ń ṣe láti gbé ọmọ jáde, kó sì rán an padà, hysterectomy ni kí ilé-ọmọ kúrò lára pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, kó ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sí òun létí dé ìrù.

Hyper àti hypo ńkọ́? Ṣé ọ̀kan náà kọ́ ni?

Ọ̀tá ni wọ́n. Hyper ni òkè tàbí àpọ̀jù, hypo ni abẹ́ tàbí àìtó. Glykys ni dídùn, haima ni ẹ̀jẹ̀, nítorí náà hyperglycaemia ni kí ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, hypoglycaemia sì ni kó lọ sílẹ̀ jù.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Òkèèsà ní Iléṣà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ó dákú lọ́jọ́ kan, wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fún un pé hypoglycaemia ló ṣe é. Àbúrò mi ló gba ìwé náà kà. Ojú rẹ̀ rí hyper níbi tí wọ́n ti kọ hypo, ó sì kó ẹ̀kọ, búrẹ́dì àti ṣúgà kúrò nílé pátá. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo dé. Òógùn ti bo Ìyá Àgbà bí ẹni tó ru ẹrù ti oko bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú ló sì ń pè mí. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò já ìwé náà gbà, ó kà á, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, hypo ni wọ́n kọ síbí o! Ẹ bá mi wá ṣúgà kíá!" Ó po ṣúgà sómi, ó rọra ń fún un mu, kò sì pẹ́ tí Ìyá Àgbà fi dìde jókòó, tó ń bi wá pé ta ló gbé ẹ̀kọ òun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi bírò pupa kọ hypo nínú gbogbo ìwé tí mo bá fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ìtumọ̀ jíjìnlẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan mọ̀ ló wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí?

Rárá o. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná àti ti ojúde ni púpọ̀ nínú wọn jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ni wọ́n. Patella, egungun tó bo orí orúnkún, àwo kékeré ni ní Látìn. Clavicle, egungun tó ti ọrùn lọ sí èjìká, kọ́kọ́rọ́ kékeré ni. Pelvis, egungun ìbàdí, bàsíà ni. Tibia, egungun ojúgun, fèrè ni. Muscle wá láti musculus, eku kékeré: ẹ ká apá yín, kí ẹ wo bí iṣan apá ṣe sáré gun òkè lábẹ́ awọ bí ọmọ eku tó há sábẹ́ aṣọ.

Èyí tó wù mí jù ni pupil, ti ojú, kì í ṣe ti ilé-ìwé. Ẹ jókòó sítòsí fèrèsé kí ẹ wo àárín dúdú inú ojú ẹni tó kọjú sí yín. Ẹ ó rí ènìyàn tíńtín kan níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín sì ni. Àwọn ará Róòmù rí i, wọ́n pe ibẹ̀ ní pupilla, ìyẹn ọmọbìnrin kékeré tàbí ọmọláńgidi. Àwọn Gíríìkì ti rí i ṣáájú wọn, wọ́n pè é ní kore, ọmọbìnrin. Àwa náà ń pè é ní ọmọlójú, bẹ́ẹ̀ ni baba ńlá wa kankan kò rin ìrìn-àjò lọ sí Róòmù láti yá a. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí, gbogbo kíláàsì pín ara wọn sí méjì-méjì, wọ́n ń tẹjú mọ́ ojú ara wọn, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́yìn náà mọ́.

Neuron náà tún wà ńbẹ̀. Iṣan líle tó so ẹran mọ́ egungun, àti okùn ọrun, ni àwọn Gíríìkì kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀, kó tó di orúkọ ohun tó ń gbé ìmọ̀lára káàkiri ara. Àwọn tó ń fi Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣan kan náà la fi ń pe nǹkan mẹ́ta, ẹ sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni Gíríìkì náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni diabetes mellitus túmọ̀ sí gan-an?

Diabetes wá láti ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kí nǹkan gba inú nǹkan kọjá, nítorí pé omi tí aláìsàn náà bá mu kì í dúró lára rẹ̀. Aretaeus ti Cappadocia kọ ọ́ sílẹ̀ láyé àtijọ́ pé ẹran ara aláìsàn ń yọ́ di ìtọ̀. Mellitus ní tirẹ̀ jẹ́ Látìn, ohun tó ní adùn oyin. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Thomas Willis, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé ìtọ̀ wọn dùn bí ẹni pé oyin tàbí ṣúgà wà nínú rẹ̀, ẹ sì mọ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn fi lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ìtọ̀ ṣúgà tiwa kò yàtọ̀ sí mellitus rárá, àfi pé èèrà tó ń ṣù bo ibi tí aláìsàn bá tọ̀ sí ni àwọn àgbà ilé wa máa ń wò, wọn kì í fi ahọ́n kàn án.

Ṣé orúkọ lè jẹ́ àṣìṣe?

Ó lè jẹ́ àṣìṣe pátápátá, kó sì wà bẹ́ẹ̀ títí. Malaria jẹ́ ọmọ Látìn láti ọwọ́ Ítálì, mala aria, afẹ́fẹ́ burúkú, nítorí wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ ilẹ̀ àbàtà ló ń fa ibà. Ní 1880 ni Laveran, dókítà àwọn ọmọ ogun Faransé, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Algeria. Ní 1897 ni Ronald Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní India. Orúkọ kò yí padà. Ti ẹ̀fọn náà ló bá a mu wẹ́kú: Anopheles, an ni àìsí, ophelos ni èrè, aláìlérè. Kò sí ẹni tó ti sùn láìta nẹ́ẹ̀tì lásìkò òjò ní Ilé-Ifẹ̀ tí yóò bá wọn jiyàn.

Oxygen náà wà lára wọn. Lavoisier ará Faransé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, oxys ni kíkan, gen ni bíbí, torí ó gbà pé kò sí ásíìdì tí kò ní in nínú. Wọ́n padà rí i pé hydrochloric acid, tó kan gan-an, kò ní in rárá.

Kí ló kan kòkó àti obì nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ìwé tí Carl Linnaeus ará Sweden tẹ̀ jáde ní 1753 ló fi ẹsẹ̀ àṣà múlẹ̀ pé kí ewéko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì ní ìlànà Látìn. Kòkó wa ló pè ní Theobroma cacao. Theos ni ọlọ́run, broma ni oúnjẹ, ìyẹn oúnjẹ àwọn òrìṣà. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi, tó gbin kòkó títí lẹ́bàá Iléṣà, níbi tó ti ń yí èyí tó sá sórí ẹní. Ó wo kòkó, ó wò mí, ó ní àwọn òrìṣà tí òun mọ̀, obì ni wọ́n ń gbà. Obì náà ní tirẹ̀: obì àbàtà ni Cola acuminata, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, gbànja ni Cola nitida, èyí tó ń dán. Iṣu, Dioscorea, ń jẹ́ orúkọ Dioscorides, oníṣègùn Gíríìkì tó kọ ìwé lórí egbòogi ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní. Títí di òpin 2011, ẹni tó bá rí ewéko tuntun gbọ́dọ̀ fi Látìn ṣàpèjúwe rẹ̀. Láti January 1, 2012, Gẹ̀ẹ́sì náà ti tó, ṣùgbọ́n orúkọ ṣì gbọ́dọ̀ wọ aṣọ Látìn.

Ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, máa ń béèrè ìdí tí àmì wúrà fi jẹ́ Au. Aurum ni wúrà ní Látìn. Òjé ni plumbum, Pb, òun ló sì bí plọ́ńbà tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe fún wa, nítorí òjé ni àwọn ará Róòmù fi ń ṣe páìpù.

Kí ni àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sára páálí oògùn?

Látìn tí wọ́n gé kúrú ni. B.d. ni bis die, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́; t.d.s. ni ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, nocte ni alẹ́, stat ni lójú ẹsẹ̀, p.r.n. ni ìgbà tó bá di dandan. O.d. ló léwu: lórí oògùn oníhóró, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, ṣùgbọ́n lórí oògùn ojú, ó lè jẹ́ oculus dexter, ojú ọ̀tún. Ẹ bi ẹni tó ta oògùn náà fún yín ní kẹ́míìsì. Ẹ má dá a rò.

Kí ló dé tí a kì í pe p inú pneumonia?

Ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbà á. Àwọn Gíríìkì ń pè é.

Ṣé kwashiorkor náà jẹ́ Gíríìkì?

Ìbéèrè yìí máa ń dùn mọ́ mi. Gíríìkì kọ́, Látìn kọ́. Èdè Gà ti ilẹ̀ Gánà ni. Dókítà Cicely Williams gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá níbẹ̀, ó sì fi orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní 1935: àìsàn tó ń ṣe ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé. Marasmus, ìkejì rẹ̀ lára àìsàn àìjẹunrekánú àwọn ọmọdé, ló jẹ́ Gíríìkì, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí nǹkan rọ. Ọ̀kan ń sọ bí ọmọ ṣe rí. Èkejì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Èyí Gà ló wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí àìsàn ti wọlé, mo sì máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá kọjá níwájú ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, nítorí pé ibẹ̀ ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ láti 1956, tó fi ṣe ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé, pẹ̀lú káàdì tí ìyá fi ń rí bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i lóṣooṣù.

Ṣé Yorùbá lè ṣe irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí?

Ó ti ń ṣe é. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀ níbí fún ọdún mẹ́fà gbáko ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní láti wá orúkọ fún gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ wọn. Ẹ wo vaccine. Vacca ni màálù, torí pé omi egbò àrùn màálù ni Edward Jenner fi ṣe é ní 1796 láti dènà ìgbóná. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohun tó ń ṣe fún ẹnikẹ́ni. Àjẹsára sọ ọ́: ohun tí a jẹ tó wọ ara lọ dúró síbẹ̀. Tiwa ló dára jù, mi ò sì sọ ọ́ torí pé tiwa ni.

Lórí pátákó lẹ́sìnnì wa, òpó mẹ́ta la máa ń fà: ọ̀rọ̀ inú ìwé, ohun tó jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ni ín, àti ohun tí àwa ń pè é. Òpó kẹta ti kún níwájú pupil, níwájú cancer àti níwájú vaccine. Níwájú enzyme, orúkọ èròjà inú ohun ẹlẹ́mìí tó ń mú iṣẹ́ ara yá, tí Kühne ọmọ Jámánì ṣẹ̀dá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ìwúkàrà, ẹ̀ẹ̀mẹta la ti kọ nǹkan tí a sì ti nù ún. Ó ṣófo báyìí, ẹfun ìkọ̀wé sì wà lórí tábìlì.